Nọ́ńbà Ńlá nínú Ẹ̀rọ Kékeré: Ìtàn Pípín àti Àtúnsopọ̀ Báìtì, àti Mítà Iná Àsansílẹ̀

Pípín nọ́ńbà ńlá sí báìtì, àti síso àwọn báìtì náà pọ̀ padà di nọ́ńbà kan ṣoṣo, jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo ẹ̀rọ kékeré tí ó ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà nínú ń ṣe lójoojúmọ́. Báìtì kan jẹ́ ìdì bíìtì 8. Bíìtì kọ̀ọ̀kan kò sì lè ju 0 tàbí 1 lọ. Nítorí náà, ohun tí báìtì kan lè kà bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó sì parí sí 255. Bí iye kan bá ti ju èyí lọ, àfi kí a gé e, kí a gbé ègé kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀, kí ẹni tí yóò lò ó sì mọ bí yóò ṣe tò wọ́n padà. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé tí ó ń lo mítà iná àsansílẹ̀ ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn: iye kan tí wọ́n ti ń fi báìtì 3 péré kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993 kún dé ẹnu lọ́jọ́ náà.

Nọ́ńbà tí ó ń rìnrìn àjò

Àdúgbò Abobo Gare ní ìlú Abidjan gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ibùdókọ̀ ojú irin tí ó wà níbẹ̀. Ojú irin náà ni èyí tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ní ọdún 1904, tí ó dé Bouaké ní 1912, tí ó sì dé Ouagadougou ní 1954. Lónìí, ènìyàn tí ń gbé ní gbogbo Abobo ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn Yorùbá, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ànàgó, ti pẹ́ nínú òwò ìlú Abidjan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ agboolé ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ó sì ní ọmọ níbẹ̀. Bí ọmọ tí ó wà ní Abobo Gare bá ra iná fún ìyá rẹ̀ ní Èjìgbò, owó kọ́ ni yóò dé inú mítà ìyá náà, nọ́ńbà ni. Ogún ẹyọ nọ́ńbà ni yóò kà sí i létí lórí fóònù, mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà márùn-ún, ẹni tí ó dúró níwájú mítà yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì ti pín nọ́ńbà kan, wọ́n sì ti so ó pọ̀ padà. Bí wọ́n bá ka ìdì kejì ṣáájú ìdì kìíní, mítà kò ní gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹyọ kan tí ó sọnù.

Kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì fún ẹni tí ó bá mọ bí àwọn baba wa ti ń ka owó ẹyọ. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, tí í ṣe ẹrù àpò kan. Ọwọ́ kò lè ka 20,000 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ni wọ́n ṣe fún ìdì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ìdì inú kọ̀ǹpútà ń lọ ní ìlọ́po 256: báìtì ìsàlẹ̀ ń ka ẹyọ, èyí tí ó tẹ̀ lé e ń ka 256, ẹ̀kẹta ń ka 65,536.

Ti ètò títò wọn, Odù Ifá fi hàn ju owó ẹyọ lọ. Odù kan ní ẹsẹ̀ méjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, ojú mẹ́rin ni ó sì wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ojú mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀, iye odù sì jẹ́ 256, iye kan náà tí báìtì kan lè mú jáde. Bí Ogbè bá wà lọ́tùn-ún, tí Ọ̀yẹ̀kú wà lósì, odù kan ni. Bí a bá pa ẹsẹ̀ méjèèjì dà, odù mìíràn gbáà ni, pẹ̀lú ẹsẹ Ifá tirẹ̀. Àwọn kan máa ń ti ibí yìí sọ pé babaláwo ni ó dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rí fún ìyẹn, Ifá kò sì nílò irú ìyìn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé ẹni tí ó mọ ìdí tí Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú kì í fi í ṣe Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè ti lóye ohun tí ó da àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láàmú fún ogún ọdún.

Orí ṣáájú, tàbí ìdí ṣáájú?

Werner Buchholz, òṣìṣẹ́ IBM, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà «byte» sílẹ̀ ní 1956. Nígbà náà, ìwọ̀n rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan. Ẹ̀rọ IBM System/360, tí wọ́n kéde ní 1964, ni ó mú kí bíìtì 8 di ìwọ̀n tí ayé gbà. Ẹ̀rọ náà máa ń to nọ́ńbà bí a ti ń kọ ọ́ sórí ìwé: báìtì tí ó wúwo jù, tí a ó pè ní báìtì orí níbí, ni ó ń ṣáájú nínú ìrántí ẹ̀rọ, báìtì tí ó fúyẹ́ jù, ìyẹn báìtì ìdí, ni ó ń kẹ́yìn.

Ètò kejì wá láti ọwọ́ Datapoint 2200, ẹ̀rọ kan tí iléeṣẹ́ Computer Terminal Corporation ti San Antonio ní Texas gbé jáde ní 1970. Kí owó rẹ̀ má bàa pọ̀ jù, bíìtì kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba ọ̀nà kọjá nínú ọpọlọ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹni tí ó bá ń ṣírò lọ́nà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iléèwé ti ń bẹ̀rẹ̀ ìròpọ̀ láti apá ẹyọ kí ó tó gbé èyí tí ó ṣẹ́kù lọ sí apá ẹ̀wá. Nítorí náà, báìtì ìdí ni ẹ̀rọ náà ń fi ṣáájú. Intel ṣe ègé ẹ̀rọ kan fún Datapoint yìí. Àwọn tí ó paṣẹ́ rẹ̀ kò lò ó mọ́, Intel sì tà á fún gbogbo ayé ní 1972 ní orúkọ 8008. Ètò ìdí-ṣáájú bá a lọ, ó sì kọjá sọ́dọ̀ gbogbo àtọmọdọ́mọ rẹ̀, títí kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì wa lónìí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà láti dín owó kù nínú ẹ̀rọ kan tí ó ti kógbá sílé ni ó di òfin fún ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀rọ.

Bí ẹ̀rọ kan bá ń dá ṣiṣẹ́, ètò tí ó bá yàn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ méjì bá fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀. Bí a bá di ẹrù kan sínú wágọ́ọ̀nù mẹ́ta ní Abobo Gare, ẹni tí ó dúró dè é ní Bouaké gbọ́dọ̀ ti mọ̀ bóyá wágọ́ọ̀nù orí tàbí wágọ́ọ̀nù ìdí ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ojú irin fúnra rẹ̀ kò ní sọ fún un. Nígbà tí wọ́n gbé ètò UNIX kúrò lórí ẹ̀rọ PDP-11 lọ sórí ẹ̀rọ tí ó ń fi orí ṣáájú, ọ̀rọ̀ náà «UNIX» jáde gẹ́gẹ́ bí «NUXI», nítorí pé báìtì méjì-méjì ti pààrọ̀ àyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1980, Danny Cohen kọ ìwé kan tí ó fi bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà láàrin ẹgbẹ́ méjèèjì. Ó yá orúkọ wọn láti inú ìwé ìtàn tí Jonathan Swift tẹ̀ jáde ní 1726, níbi tí àwọn ènìyàn kúkúrú ti ń bá ara wọn jagun nítorí pé àwọn kan ń fọ́ ẹyin láti ìdí ńlá, àwọn kan láti ìdí kékeré. Ìwé àdéhùn Íńtánẹ́ẹ̀tì ti 1981 fara mọ́ orí-ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó wà lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń lo ìdí-ṣáájú nínú ara wọn, nítorí náà wọ́n ń yí nọ́ńbà padà lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí wọ́n bá ń jáde àti nígbà tí wọ́n bá ń wọlé.

Èdè C àti microcontroller

Dennis Ritchie ṣe èdè C ní Bell Labs ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lórí PDP-11 kan náà. C fún akọ̀wé ètò láyè láti wo inú ìrántí ẹ̀rọ ní báìtì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kò sọ èyí tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú wọn. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Èyí ni ó jẹ́ kí C bá gbogbo ẹ̀rọ mu. Òun náà ni ó ń dẹkùn mú akẹ́kọ̀ọ́.

Microcontroller jẹ́ kọ̀ǹpútà odidi tí a ká sórí ègé ẹ̀rọ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìrántí rẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Intel gbé 8051 jáde ní 1980. Atmel gbé AVR, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Norway gbèrò, jáde ní 1996. Arduino, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ivrea ní Ítálì ní 2005, sì gbé AVR dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo àgbáyé. Báìtì kan ni irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ lè fi ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di kí kọ̀ǹpáílà tàbí akọ̀wé ètò gé e fún un.

Ẹ jẹ́ kí a mú 15,000,000. Ó gba báìtì 3: báìtì orí jẹ́ 228, ti àárín jẹ́ 225, ti ìdí jẹ́ 192. Ọ̀nà tí ó dájú láti gé e ní èdè C ni kí a máa ti nọ́ńbà náà sí ọwọ́ ọ̀tún:

b[0] = (uint8_t)(n >> 16);
b[1] = (uint8_t)(n >> 8);
b[2] = (uint8_t)n;

Láti so ó pọ̀ padà, a ó ti báìtì kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ òsì títí yóò fi dé àyè rẹ̀:

n = ((uint32_t)b[0] << 16) | ((uint32_t)b[1] << 8) | b[2];

Ìwúlò ọ̀nà yìí ni pé ìwọ̀n báìtì ni ó ń bá lò, kì í ṣe àyè tí ẹ̀rọ fi í sí nínú ìrántí; èsì kan náà ni yóò mú wá lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ọ̀nà kejì, tí ó yá tí ó sì dùn ún kọ, ni kí a kàn na ìka sí ibi tí nọ́ńbà náà wà nínú ìrántí, kí a sì máa mú báìtì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí a bá ti bá wọn. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yìí ti gba ètò ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, láìbéèrè. Lórí 8051 kan náà, kọ̀ǹpáílà Keil C51 ń fi báìtì orí ṣáájú, SDCC sì ń fi báìtì ìdí ṣáájú. Ètò tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá lè bàjẹ́ lónìí lórí ègé ẹ̀rọ kan náà, nítorí kọ̀ǹpáílà nìkan ni a pààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà uint32_t tí ó wà nínú ìlà ìsopọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìlànà C ti ọdún 1999 ni ó mú un wá, ó sì túmọ̀ sí nọ́ńbà odidi tí ó gba bíìtì 32 gan-an. Lórí AVR àti 8051, int lásán kò ju bíìtì 16 lọ. Bí a bá ti báìtì orí sí òsì ní bíìtì 16 láìkọ́kọ́ fẹ àyè rẹ̀, kò sí ibi tí yóò bọ́ sí. Òfin C kò sì ṣèlérí ohun tí yóò jáde. Lórí kọ̀ǹpútà ńlá, níbi tí int ti jẹ́ bíìtì 32, àṣìṣe kan náà kì í sábà fara hàn, ìdí nìyí tí ètò tí a dán wò nínú yàrá ẹ̀kọ́ fi ń yọ wá lẹ́nu nígbà tí ó bá dé orí ògiri ilé.

Ohun tí ó wà nínú ogún ẹyọ nọ́ńbà

Mítà àsansílẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù ń tẹ̀ lé ìlànà kan tí ó ń jẹ́ STS. Wọ́n ṣe é ní South Africa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí Eskom ń gbé iná dé ilé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti pa tì. Ẹgbẹ́ tí ó ń mójú tó o bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ó sì di ìlànà àgbáyé ní 2007, ní orúkọ IEC 62055-41. Kò sí wáyà tàbí rédíò láàrin mítà àti iléeṣẹ́ iná. Ènìyàn ni wáyà náà: ohun gbogbo tí iléeṣẹ́ fẹ́ sọ fún mítà gbọ́dọ̀ gba orí ìka oníbàárà kọjá.

Àwọn tí ó ṣe é gbà pé ogún ẹyọ nọ́ńbà ni ènìyàn lè tẹ̀ láìsú u. Ogún ẹyọ lè gbé bíìtì 66, wọ́n sì pín in báyìí: bíìtì 2 fún irú tókìn tí ó jẹ́, 4 fún ẹ̀yà rẹ̀, 4 tí a kàn ṣà lọ́nà àrìnnàkò, 24 fún àkókò tí a tà á, 16 fún iye iná, 16 tí ó kẹ́yìn fún ìdánwò àṣìṣe. Iye iná ni a fi ìdámẹ́wàá kilowatt-hour kà. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí mítà yẹn nìkan bo bíìtì 64 mọ́lẹ̀. Bíìtì 2 àkọ́kọ́ kò sí lábẹ́ àṣírí. Wọ́n ki wọ́n bọ àárín àwọn yòókù, ní àyè 28 àti 27, wọ́n sì gbé àwọn tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ sí orí, ní àyè 65 àti 64. Mítà gbọ́dọ̀ dá ẹnìkọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀ kí ó tó lè tú àṣírí náà.

Nọ́ńbà tí ó tóbi jù tí bíìtì 66 lè mú jáde ni 73,786,976,294,838,206,463. Nítorí náà, kò sí tókìn STS tí 8 tàbí 9 bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó rìsíìtì iná rẹ̀ pamọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà odidi tí ó gùn jù tí ìlànà C ti 1999 ṣèlérí fún gbogbo kọ̀ǹpáílà sì jẹ́ bíìtì 64, tókìn sì fi méjì jù ú lọ. Mítà tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ti báìtì kan gbọ́dọ̀ to báìtì 9 sílẹ̀. Bí a bá ti tẹ ẹyọ kan, yóò sọ gbogbo báìtì náà di ìlọ́po mẹ́wàá láti ìdí dé orí, yóò fi ẹyọ tuntun kún ti ìdí, èyí tí ó bá ju 255 lọ yóò sì di ẹrù báìtì tí ó tẹ̀ lé e. Ogún ìgbà ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ kí tókìn kan tó wọlé tán.

Bíìtì 24 ti àkókò ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń kà á, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1993. Mítà ń rántí, ó kéré tán, 50 nínú àwọn tókìn tí ó ti gbà, kì í sì í gba èyí tí ó ti lò rí tàbí èyí tí ó bá ti dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Ìdí nìyí tí ènìyàn kò fi lè tẹ tókìn kan lẹ́ẹ̀mejì. 15,000,000 tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè yìí jẹ́ agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2021. Bí akọ̀wé ètò bá so báìtì mẹ́ta rẹ̀ pọ̀ láti òdìkejì, yóò di 12,640,740, ìyẹn òwúrọ̀ ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2017. Mítà yóò wò ó bí ọjà tí ó ti pẹ́ ju ọdún mẹ́rin lọ, yóò sì lé e padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà ti sanwó.

Ọjọ́ tí báìtì mẹ́ta kún

Báìtì 3 kò lè kà ju 16,777,216 ìṣẹ́jú lọ, kí ó tó padà sí òdo. Iye ìṣẹ́jú yìí pé ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, tókìn tuntun yóò dà bí èyí tí a tà ní 1993 lójú mítà tí a kò bá tíì tún ṣe. Iná ilé kò ní kú lójú ẹsẹ̀; yóò máa tàn títí èyí tí ó ti wà nínú mítà yóò fi tán, kò sì ní sí ọ̀nà láti fi kún un.

Ó rọrùn láti bú àwọn tí ó yan 24. Mo rò pé wọn kò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀. Bíìtì 23 ì bá ti kún ṣáájú òpin 2008. Bíìtì 25 ì bá gbé e dé 2056, ṣùgbọ́n inú iye iná tàbí inú ìdánwò àṣìṣe ni wọn ì bá ti mú ìkan yẹn, tàbí kí wọ́n ní kí ènìyàn tẹ ẹyọ mọ́kànlélógún. Wọ́n sì ti pèsè àtúnṣe sínú ìlànà náà: a lè gbé ìbẹ̀rẹ̀ kíkà síwájú láti 1993 sí 2014, lẹ́yìn náà sí 2035, bí mítà bá gba kọ́kọ́rọ́ àṣírí tuntun.

Kọ́kọ́rọ́ náà sì jẹ́ bíìtì 64. Tókìn kan kò lè gbé e, nítorí ìdánwò àṣìṣe àti àwọn àmì yòókù ti gba àyè. Nítorí náà, wọ́n gé e sí méjì: bíìtì 32 ti orí nínú tókìn kan, bíìtì 32 ti ìdí nínú èkejì. Ní Nàìjíríà, àwọn iléeṣẹ́ tí ó ń pín iná fún àwọn oníbàárà ní ìlà nọ́ńbà méjì tí wọ́n pè ní KCT1 àti KCT2, wọ́n sì ní kí wọ́n tẹ̀ wọ́n ní títẹ̀ lé ara wọn ṣáájú tókìn tí wọ́n rà. Ọgọ́ta ẹyọ ni gbogbo rẹ̀. Mítà yóò di ìdajì mú, yóò dúró de ìdajì kejì, yóò sì so wọ́n pọ̀ di kọ́kọ́rọ́ kan. Bíìtì kan ṣoṣo nínú tókìn ti orí ni ó ń sọ fún un pé kí ó pa àwọn tókìn àtijọ́ rẹ́ kúrò nínú ìrántí, nítorí pé bí a bá kà láti 2014, ìṣẹ́jú inú ọdún 2024 kéré púpọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, gbogbo rẹ̀ ni mítà ì bá sì pè ní ọjà àtijọ́.

Bí ìyá àgbà kan ní Èjìgbò ti dúró níwájú ògiri, tí ó ń tẹ ìlà kan lẹ́yìn èkejì bí wọ́n ti ń kà á fún un láti Abobo, iṣẹ́ tí ìlà kóòdù ń ṣe nínú ẹ̀rọ ni òun náà ń fi ọwọ́ ṣe, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Èyí ni mo rí gẹ́gẹ́ bí àbùkù ètò náà, ju bíìtì 24 lọ: ẹrù ìsopọ̀ bọ́ sí èjìká ẹni tí kò sí nínú ìpàdé tí wọ́n ti gé e. Ó kéré tán, ó yẹ kí ó gbọ́ ní èdè ara rẹ̀ pé ìdajì nọ́ńbà kan ni ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́, àti pé ètò wọn kò gbọ́dọ̀ yí padà.

Mítà kọ́ nìkan ni ó ní irú ọjọ́ yìí níwájú. Àwọn ẹ̀rọ tí ó fi nọ́ńbà bíìtì 32 tí ó ní àmì ka ìṣẹ́jú-àáyá láti 1970 yóò kún ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2038. Mítà tí ó sì ti gba kọ́kọ́rọ́ tuntun, tí ó ń ka ìṣẹ́jú rẹ̀ láti 2014, yóò tún kún ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2045.